Làpálàpá tàbí lárà? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ gbin igi elépo sórí ilẹ̀ tó ti ṣá ní Kétu, Ṣábẹ àti Àjàṣẹ́

Ilẹ̀ tí àgbàdo orí rẹ̀ kì í ga kọjá orúnkún mọ́, tí ẹ̀kan ti gbà pátápátá, òun ni àwọn èèyàn máa ń nàka sí nígbà tí ọ̀rọ̀ igi elépo bá délẹ̀. Wọn á ní, “Ẹ gbin làpálàpá síbẹ̀. Kò bèèrè omi, ẹran kì í jẹ ẹ́, ẹ ó fún epo rẹ̀, ẹ ó dà á sẹ́ńjìnì.” Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ òótọ́ ọ̀hún ò pé. Kí igi yè lórí ilẹ̀ tó ti ṣá ọ̀tọ̀, kó so lórí rẹ̀ ọ̀tọ̀.

Igi méjì ni ọ̀rọ̀ yìí sábà máa ń dá lé lágbègbè wa ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, láti Kétu àti Ṣábẹ dé Àjàṣẹ́ (Porto-Novo): làpálàpá àti lárà. A ó gbé wọn síra. Ìdájọ́ tiwa rèé kí ẹ tó ka èyí tó kù: làpálàpá dára fún ọgbà, ìyẹn igi tí a fi yí oko ká, kò dára fún oko fúnra rẹ̀. Lárà dára fún oko kékeré, bí ẹni tó máa rà á bá ti wà nílẹ̀ kí ẹ tó gbìn ín. Ẹni tó bá ń retí pé kí hẹ́kítà yangí kan máa bọ́ ọkọ̀ òun, kò sí èyí tó máa ṣe é fún un nínú méjèèjì.

Láti ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí owó kpayo, ìyẹn ẹsáǹsì (bẹtiróòlù) tí wọ́n ń fàyàwọ́ kó wá láti Nàìjíríà, sì fò sókè lẹ́bàá ọ̀nà wa, ọ̀pọ̀ ló ti ń wá epo tí wọ́n lè ṣe fúnra wọn. Ẹ jẹ́ ká là á kedere: ẹ́ńjìnì gasoil, èyí tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní dísù, nìkan ni epo irúgbìn wúlò fún. Ọ̀kadà zẹ́mìjàn tó ń mu ẹsáǹsì kò lè mu ún. Bí ẹ bá dà á sínú rẹ̀, mẹkáníìkì lẹ ń wá.

Ẹ kọ́kọ́ dá wọn mọ̀

Làpálàpá tí à ń wí ni èyí tí ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́, tí etí rẹ̀ ya díẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta tàbí márùn-ún. Bí ẹ bá já ewé rẹ̀, omi kan á sun jáde tó ń yọ̀ bí omi ọṣẹ. Òun ni àwọn ọmọdé máa ń fi koríko rọ, tí wọ́n á fẹ́ ẹ títí yóò fi wú bí bọ́ọ̀lù kékeré. Bí omi yìí bá kan aṣọ, àbàwọ́n rẹ̀ kì í lọ mọ́, nítorí náà aṣọ oko ni kí ẹ wọ̀ nígbà tí ẹ bá fẹ́ gé ẹ̀ka rẹ̀. Èso rẹ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 3, irúgbìn dúdú mẹ́ta ló sábà máa ń wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, nǹkan bí 1,500 irúgbìn ló sì ń pé kìlò kan. Bọ̀tújẹ̀ pupa, tí ewé tuntun rẹ̀ máa ń pọ́n, ìbátan rẹ̀ ni, àmọ́ èso rẹ̀ kò tó nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó ń fún epo. Bí ẹ bá ń ra irúgbìn, Jatropha curcas ni kí ẹ rí lára àpò, pourghère sì ni ọ̀pọ̀ ìwé Faransé ń pè é.

Lárà ni Ricinus communis, tí àwọn elédè Faransé ń pè ní ricin. Ewé rẹ̀ ya bí ìka ọwọ́, méje sí mọ́kànlá, etí ewé náà sì ní eyín bí ayùn. Èso rẹ̀ ní ẹ̀gún rírọ̀ lára, ó ń so jọ lórí ọ̀pá kan. Irúgbìn rẹ̀ ń dán, ó ní àbàwọ́n lára, ó sì jọ eégbọn tó ti mu ẹ̀jẹ̀ yó. Ibẹ̀ gan-an ni orúkọ Ricinus ti wá, torí eégbọn ni ọ̀rọ̀ náà ń jẹ́ nínú èdè Látìnì.

Ìlà-oòrùn Áfíríkà ni lárà ti ṣẹ̀. Làpálàpá ní tirẹ̀, Mẹ́síkò àti Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀. Àwọn Potogí ló gbé e wá sí erékùṣù Cape Verde, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń kó irúgbìn rẹ̀ lọ sí Lisbon fún epo àtùpà àti ọṣẹ. Epo iná ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n sí láti ìgbà náà. Epo ẹ́ńjìnì ló jẹ́ ọ̀rọ̀ tuntun.

Wọn rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| Ohun tí à ń wò | Làpálàpá | Lárà |
|---|---|---|
| Ìkórè àkọ́kọ́ | ọdún 2 sí 3. Kò tíì pọ̀ títí di ọdún 4 tàbí 5 | oṣù 4 sí 6 |
| Bó ṣe ń pẹ́ tó | ọdún 30 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ | ọdún 1 sí 2 lóko |
| Igi lórí hẹ́kítà kan | 1,111 (mítà 3 sí 3) tàbí 1,667 (mítà 3 sí 2) | 10,000 (mítà 1 sí 1) |
| Epo inú irúgbìn | 30 sí 35 nínú 100 | 45 sí 50 nínú 100 |
| Irúgbìn fún lítà epo kan, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìfúnpo kékeré | kìlò 4 sí 5 | bíi kìlò 3 |
| Ìkórè irúgbìn lórí hẹ́kítà kan lọ́dún, lórí ilẹ̀ tó ti ṣá, láìsí ajílẹ̀ | sábà máa ń wà ní kìlò 500 tàbí kó má tó o | kìlò 300 sí 800 |
| Bí epo ṣe ki tó ní 40°C (mm²/s, gasoil jẹ́ 2 sí 4.5) | bíi 35 | bíi 250 |
| Bí biodiesel rẹ̀ (epo tí a yí padà kó lè ṣàn bíi gasoil) ṣe ki tó | 4 sí 5 | 13 sí 15 |

Ìlà ìkórè ló ń fọ́ àlá ọ̀pọ̀ èèyàn. Nígbà tí ariwo làpálàpá gba ayé ní ọdún 2007 sí 2008, tọ́ọ̀nù 5 lórí hẹ́kítà kan ni ẹnu ń sọ, lórí ilẹ̀ tí nǹkan mìíràn kò lè hù pàápàá. Ilé iṣẹ́ epo BP bá D1 Oils, ilé iṣẹ́ kan tó ń gbin làpálàpá, dòwò pọ̀ lórí rẹ̀ ní ọdún 2007, ó sì yọwọ́ ní ọdún 2009. Ní ọjọ́ 30 oṣù kejìlá ọdún 2008, Air New Zealand fi epo tí wọ́n ṣe láti inú làpálàpá, tí wọ́n lú mọ́ epo bàálù ní ìdajì-ìdajì, dán ẹ́ńjìnì bàálù kan wò lójú ọ̀run. Bàálù fò lóòótọ́. Oko ni kò so tó bí wọ́n ṣe ní yóò so.

Ilẹ̀ àti omi

Òjò kọ́ ni ìṣòro wa. Làpálàpá lè yè níbi tí òjò ọdún kò ju mílímítà 300 lọ, àmọ́ kó tó so dáadáa, ó ń fẹ́ bíi 1,000. Kétu àti Ṣábẹ ń rí èyí lọ́dún tí òjò bá rọ̀ bó ṣe yẹ. Ohun tí kò sí ni oúnjẹ nínú ilẹ̀. Tọ́ọ̀nù irúgbìn làpálàpá kan ń kó bíi kìlò 30 náítírójìn kúrò lóko. Ilẹ̀ tí kò ní in kò lè fúnni, igi á kàn dúró níbẹ̀, á wú ewé, á so èso márùn-ún mẹ́fà. Bí ẹ bá fẹ́ kó so, àfi kí ẹ máa dá èérí tó kù lẹ́yìn ìfúnpo padà sí ìdí rẹ̀.

Lárà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Àwọn èèyàn rí i tó hù fúnra rẹ̀ lórí ààtàn, wọ́n wá rò pé ilẹ̀ búburú ló fẹ́. Òdìkejì rẹ̀ ni. Ààtàn ni ilẹ̀ tó sanra jù lágbo ilé, ìdí nìyẹn tó fi ga tó mítà 4 níbẹ̀. Lórí yangí, kò ní ga kọjá àyà, ọ̀pá èso kan ṣoṣo ló sì lè so.

Ohun kan náà ló ń pa àwọn méjèèjì: omi tó dúró. Lórí ilẹ̀ pupa Kétu, omi ń rin wọlẹ̀, kò sí wàhálà. Àmọ́ bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ sí ilẹ̀ amọ̀ dúdú apá Issaba, tó ń lẹ̀ mọ́ bàtà lójò tó sì ń la ẹnu lẹ́ẹ̀rùn, ọjọ́ mélòó kan péré tí omi bá fi dúró, ìdí làpálàpá á rọ̀, ewé á pọ́n, igi á wó bí ẹ bá fọwọ́ tì í. Orí ebè gíga nìkan lẹ ti lè gbìyànjú níbẹ̀, bí kò bá sí ibòmíràn rárá.

Fún Àjàṣẹ́, ọ̀rínrín afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá lárà. Àìsàn kan máa ń bá a: ohun kan bí eérú á bo ọ̀pá èso, èso á rà, á sì já bọ́ kó tó gbó. Bí òjò bá pàdé rẹ̀ nígbà tó ń yọ òdòdó, odidi ìkórè lè bá a lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ gé ọ̀pá tó ti mú un, kí ẹ sun ún. Ẹ má fi í sílẹ̀ sáàárín ìlà.

Gbígbìn

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà gbin làpálàpá, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Irúgbìn ń ta gbòǹgbò kan sísàlẹ̀ gan-an, òun ló ń wá omi lẹ́ẹ̀rùn. Ẹ̀ka tí a gé gbìn bí igi ẹ̀gẹ́ kì í ní irú gbòǹgbò yẹn. Ó tètè so, ó sì tètè dàgbà, àmọ́ afẹ́fẹ́ lè gbé e ṣubú, ẹ̀ẹ̀rùn gígùn sì máa ń dà á láàmú. Irúgbìn fún oko, ẹ̀ka fún ọgbà.

Fún irúgbìn, ẹ kó erùpẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran tó ti jẹrà sínú ọ̀rá kékeré, kí ẹ ri irúgbìn kan sí i ní sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3. Láàárín ọjọ́ 7 sí 10 á hù. Lẹ́yìn oṣù méjì ẹ lè gbé e lọ sóko. Ihò sẹ̀ǹtímítà 30 níbùú, 30 lóòró, 30 nísàlẹ̀, pẹ̀lú ìgbẹ́ ẹran kìlò 1 sí 2 nínú rẹ̀. Ẹni tó bá wa ihò tó fẹ̀ bí ìkòkò ọbẹ̀ nìkan lórí ilẹ̀ tó le ń tan ara rẹ̀ jẹ ni. Gbòǹgbò á yí po nínú ihò, á sì dúró síbẹ̀.

Fún ọgbà, ẹ gé ẹ̀ka tó ti gbó, tó nípọn tó àtàǹpàkò tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, gígùn sẹ̀ǹtímítà 60 sí 100. Ẹ jẹ́ kó wà níbòòji fún ọjọ́ díẹ̀ kí ojú ibi tí ẹ gé gbẹ, kí ẹ tó rì í ní sẹ̀ǹtímítà 20. Oṣù kejì sí oṣù kẹta ló dára jù, kí òjò tó dé. Bí ilẹ̀ bá ti rin gbindin, ẹ̀ka á kọ́kọ́ jẹrà kó tó ta gbòǹgbò. Bí ẹ bá fi sẹ̀ǹtímítà 30 sáàárín wọn, ẹ̀ka bíi 1,330 ni yóò yí hẹ́kítà kan ká.

Gígé orí igi ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń gbójú fò. Ìparí ẹ̀ka ni làpálàpá ti ń yọ òdòdó, nítorí náà ẹ̀ka púpọ̀ ló túmọ̀ sí èso púpọ̀. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́, nígbà tó bá ti wọ́wé tán, ẹ gé e ní bíi sẹ̀ǹtímítà 40 sí ilẹ̀. Ó ń dunni lójú láti gé igi tó ti ga dé ejìká, àmọ́ èyí tí a kò gé á lọ sókè bí òpó, á so ìdì mẹ́ta lórí, ọwọ́ kò sì ní tó o.

Lárà rọrùn jù: irúgbìn méjì sí ihò kan, sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5 nísàlẹ̀, nígbà tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹ yọ ọ̀kan kúrò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kìlò irúgbìn 10 sí 15 ló ń tó hẹ́kítà kan, ìyẹn kàntí 25 lọ́nà ìwọ̀n wa. Ẹ ro koríko rẹ̀ dáadáa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà òjìji ewé rẹ̀ á ṣe ìyókù. Ẹ lè gbin ẹ̀wà tàbí ẹ̀pà sáàárín rẹ̀ bí ẹ bá fi mítà 1.5 sí 2 sáàárín ìlà.

Kòkòrò: fún làpálàpá, kòkòrò kékeré kan tó ń fò máa ń lu ewé ní ihò wẹ́wẹ́, òmíràn sì wà tó ń dán bí ìlẹ̀kẹ̀, tó ń fa omi èso tútù. Èso tí èyí bá fà á rí dáadáa lóde, òfìfo ni irúgbìn inú rẹ̀. Ikán náà kì í jẹ́ kí ẹ̀ka tuntun sinmi, pàápàá bí òjò bá pẹ́ dé. Ẹ má sì gbàgbé pé ìdílé kan náà ni làpálàpá àti ẹ̀gẹ́; ẹ má gbin méjèèjì mọ́ra.

Ìkórè: ibi tí owó ti ń bọ́ sọnù

Ìdì èso làpálàpá kan lè ní tútù, aláwọ̀ ìyeyè àti dúdú lọ́jọ́ kan náà. Tútù kò tíì lépo tó. Nítorí náà ẹ kò lè gé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ó padà sídìí igi kan náà lọ́sẹ̀ kan tàbí méjì síra, fún oṣù méjì sí mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, ẹ ó gbẹ èso, ẹ ó là á, ẹ ó fẹ́ ẹ. Bí a bá ka gbogbo iṣẹ́ yìí, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá máa ń rí bíi kìlò 2 sí 3 irúgbìn gbígbẹ ní wákàtí kan. Ìgbà tó bọ́ sí tún burú: oṣù kẹjọ sí ìkẹsàn-án, nígbà tí Kétu ń kó àgbàdo àkọ́rọ̀ wọlé tó sì ń gbin ti àrọ̀kúrò. Ta ni yóò fi àgbàdo sílẹ̀ lọ já làpálàpá?

Ẹ ṣírò rẹ̀ báyìí, kí ẹ fi iye tó wà lọ́jà yín rọ́pò tiwa. Ká ní lítà gasoil jẹ́ sẹ́fà 700. Ìfúnpo, sísẹ́ àti ìgbékiri gba 200, ó ku 500. Kìlò irúgbìn 4.5 ló ń fúnni ní lítà kan, nítorí náà kìlò irúgbìn kan kò lè ju sẹ́fà 110 lọ kí epo náà má bàa wọ́n ju gasoil. Ní kìlò 2 ní wákàtí kan, sẹ́fà 220 nìyẹn fún wákàtí iṣẹ́. Hẹ́kítà tó so kìlò 500 á mú sẹ́fà 55,000 wá, á sì gba wákàtí 250, ìyẹn ju ogójì ọjọ́ iṣẹ́ lọ, bí a bá ka wákàtí mẹ́fà sí ọjọ́ kan. A kò tíì ka ríro oko àti gígé orí igi mọ́ ọn.

Wàyí o, ẹ wo ọgbà. Ní Mali, níbi tí wọ́n ti fi làpálàpá ṣe ọgbà láti ọjọ́ pípẹ́, ọgbà tó ti dàgbà ń fúnni ní bíi gíráàmù 800 sí kìlò kan lórí mítà kọ̀ọ̀kan lọ́dún. Ká gé e sí ìdajì fún ilẹ̀ tiwa. Hẹ́kítà kan ní ọgbà mítà 400 yíká, ìyẹn kìlò 160 sí 200. Kò tó ti oko, àmọ́ ilẹ̀ àárín ṣì wà fún àgbàdo, màlúù Fúlàní kò sì ní wọlé. Ọgbà náà ti san gbèsè rẹ̀ kí ẹ tó já èso kan. Èso wá di èlé.

Lárà ní tirẹ̀, ọ̀pá ni wọ́n ń gé, kì í ṣe èso kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ọwọ́ ń yá sí i. Ọ̀pá àkọ́kọ́ ló ń gbó ṣáájú, èkejì àti ẹ̀kẹta á tẹ̀lé e. Ìṣòro rẹ̀ ni pé oríṣi tiwa ń bẹ́: lọ́sàn-án gangan ẹ ó máa gbọ́ ọ tó ń dún pá, pá, tí irúgbìn ń fò lọ sínú koríko. Ẹ gé ọ̀pá nígbà tí bíi ìdá méjì nínú mẹ́ta èso rẹ̀ bá ti pọ́n bí ilẹ̀, ní òwúrọ̀ tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀, kí ẹ sì fi àpò bò ó nígbà tó bá ń gbẹ. Ẹ má fi odó gún un. Èèpo irúgbìn rẹ̀ ò nípọn; èyí tó bá fọ́, epo rẹ̀ á kan láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Fún méjèèjì, ẹ sá irúgbìn títí tó fi máa ń dún ṣàkà nínú igbá, kí ẹ kó o sínú àpò ọ̀gbọ̀, kí ẹ gbé àpò sórí pákó. Irúgbìn tí ẹ di sínú ọ̀rá nígbà tó ṣì ní omi nínú á gbóná, á hu funfun, kò sì sí ohun tí ẹ lè fi epo rẹ̀ ṣe ju ọṣẹ lọ.

Epo: dídà á sẹ́ńjìnì gbà nǹkan

Ẹ jẹ́ kí epo tí ẹ fún tòrò fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ sẹ́ ẹ pẹ̀lú aṣọ tó nípọn. Ẹ dán an wò bóyá omi ṣì wà nínú rẹ̀: ẹ gbé ṣíbí epo kan kaná, bó bá ń ta pàpàpà, ẹ padà lọ gbẹ ẹ. Ẹ má tọ́ ọ wò.

Epo làpálàpá tó mọ́ lè ṣiṣẹ́ tààrà nínú ẹ́ńjìnì tí kì í sáré, irú Lister tó ń yí ọlọ àgbàdo. Gasoil ni kí ẹ fi ṣí i, kí ẹ yí i sí epo làpálàpá lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnì bá ti gbóná, kí ẹ sì dá a padà sí gasoil fún ìṣẹ́jú 10 kí ẹ tó pa á. Ẹni tó bá gbàgbé èyí ìkẹyìn yìí á bá epo tó ti dì nínú páìpù láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Nínú ọkọ̀ òde òní tí ẹ̀rọ abẹ́rẹ́ epo rẹ̀ le, ẹ má dán an wò: á kú kí ọdún tó yí.

Biodiesel gan-an ni kí a yí epo padà kó lè ṣàn bíi gasoil. Ẹ dán lítà kan wò ná. Ẹ gbóná epo kọjá 100°C kí omi inú rẹ̀ lọ, kí ẹ jẹ́ kó sọ̀ sí 55. Ẹ po sódà tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ (caustic soda) gíráàmù 3.5 mọ́ mẹ́tánọ́ọ̀lù mílílítà 200 nínú ike tó ní ìdérí, níta gbangba, títí sódà á fi yọ́ tán. Ẹ dà á sínú epo, kí ẹ máa rò ó fún wákàtí kan láìjẹ́ kó kọjá 60°C, nítorí bíi 65°C ni mẹ́tánọ́ọ̀lù ń hó. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Gílísẹ́rìnì dúdú á sọ̀ sísàlẹ̀. Èyí tó wà lókè ni tiyín. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta jẹ́jẹ́, láìmì í, kí ẹ gbẹ ẹ.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ jù ni epo tó ti kan. Ẹ po epo mílílítà 1 mọ́ ọtí ìpara ilé ìwòsàn mílílítà 10, kí ẹ fi omi àtalẹ̀ pupa díẹ̀ sí i. Ẹ máa kán omi sódà sínú rẹ̀, èyí tó ní gíráàmù 1 sódà nínú lítà omi kan, títí àwọ̀ ìyeyè á fi yí sí pupa tí kò sì ní yí padà. Iye mílílítà tó gbà, ẹ fi iye gíráàmù kan náà kún 3.5 fún lítà epo kọ̀ọ̀kan. Bó bá kọjá mílílítà 4, ẹ má fi mẹ́tánọ́ọ̀lù ṣòfò. Ọṣẹ ni epo yẹn máa dà, ẹ kúkú fi ṣe ọṣẹ.

Lárà yàtọ̀. Epo rẹ̀ ń yọ́ sínú mẹ́tánọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀, nítorí náà iná kékeré tó o, àmọ́ ìyẹn gan-an ló ń jẹ́ kí gílísẹ́rìnì kọ̀ láti ya. Biodiesel tó jáde ki tó mẹ́ta ohun tí ìlànà Yúróòpù fàyè gbà, ìyẹn 3.5 sí 5.0. Ẹ lè lú u mọ́ gasoil, ìdá kan nínú mẹ́wàá ni kó jẹ́. Bràsíílì gbé ètò biodiesel kalẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 2004, wọ́n fẹ́ kí lárà jẹ́ ti àwọn àgbẹ̀ kékeré àríwá-ìlà-oòrùn wọn. Epo sóyà ló wá gba ipò yẹn, torí ilé iṣẹ́ ọ̀dà, oògùn àti ohun ìpara ń san owó lórí epo lárà ju bí ẹ́ńjìnì ṣe lè san lọ. Ẹni tó bá ń dáná sun epo lárà, ń dáná sun owó.

Mẹ́tánọ́ọ̀lù kì í hù lóko. Ẹ ó rà á, kò sì pọ̀ lọ́jà abúlé. Fún ìdí èyí, fún ọlọ abúlé kan, epo làpálàpá tí a sẹ́ dáadáa mọ́gbọ́n wá ju biodiesel lọ.

Májèlé

Irúgbìn làpálàpá dùn lẹ́nu bí ẹ̀pà, ìyẹn ló ń pa àwọn ọmọdé lára: mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti tó láti mú èébì àti ìgbẹ́ gbuuru wá. Ti lárà burú jù. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́ lẹ́nu, díẹ̀ nínú rẹ̀ lè pa èèyàn. Ẹ má fi ipá mú ọmọ bì, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ, pẹ̀lú irúgbìn tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n lè mọ ohun tó jẹ. Èérí méjèèjì, ajílẹ̀ ni, kì í ṣe oúnjẹ ẹran. Ajá máa ń hú èérí lárà jáde nínú ebè láti jẹ ẹ́, nítorí náà ẹ bò ó mọ́lẹ̀ dáadáa. Ẹ fi aṣọ bo imú tí ẹ bá ń fọ́n ọn. Mẹ́tánọ́ọ̀lù náà ń fọ́ni lójú, iná rẹ̀ kò sì hàn lọ́sàn-án.

Èwo, níbo?

Àjàṣẹ́: ilẹ̀ wọ́n, ọ̀rínrín pọ̀, etí ọ̀sà kún fún omi. Kò sí èyí tó yẹ kí ẹ gbìn nínú méjèèjì. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe biodiesel níbẹ̀ yóò rí epo lọ́dọ̀ àwọn ilé oúnjẹ àti òtẹ́ẹ̀lì tó ń da epo ìdín nù. Kó má lọ bá oníàkàrà. Epo tirẹ̀ kì í ṣẹ́kù.

Kétu: ilẹ̀ pupa tó ti rẹ̀ gba lárà ní àkókò òjò ńlá, bí ilẹ̀ náà bá ti rí ìgbẹ́ ẹran tàbí tí ẹ̀wà ti wà lórí rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ẹ kọ́kọ́ bá olùrà fohùn ṣọ̀kan lórí iye kìlò kan. Kàntí 5 ti tó fún ọdún àkọ́kọ́. Ẹ fi ilẹ̀ amọ̀ dúdú sílẹ̀.

Ṣábẹ: òkúta, yangí, màlúù, iná igbó. Kajú ti gba ilẹ̀ tó dára díẹ̀, kó sì dúró síbẹ̀, torí kajú ní ọjà. Ọgbà làpálàpá yí kajú ọmọdé ká ni ohun tó bá ibẹ̀ mu jù. Ẹ ro etí ọgbà náà ní mítà 3 sí òde ní oṣù kọkànlá, nítorí ẹ̀ka tí kò tíì pé ọdún méjì kì í la iná igbó já. Bí ọlọ kan bá wà ládùúgbò, ọgbà ogún oko tó wà nítòsí ara wọn, mítà 400 ọ̀kọ̀ọ̀kan, lè fún un ní bíi tọ́ọ̀nù irúgbìn 3 sí 4 lọ́dún, ìyẹn epo lítà 700 sí 900, lẹ́yìn ọdún kẹrin. Kí ogún àgbẹ̀ yẹn tó gé ẹ̀ka kan, kí wọ́n bi ọlọ́lọ léèrè bóyá gasoil ṣì ni ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń mu, tàbí ó ti yí i sí iná mànàmáná.